Gbérí Ìgbà Ọyẹ́: Aṣọ Ọdẹ Tí Mo Fi Ayé Mi Rán

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, ọdún náà ni ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà nínú ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a dúró ní Bẹẹrẹ, a fẹ́ sọdá, ìyá mi wo apá ibi tó ti máa ń wò láti ìgbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ sì gba apá kejì yọ sí wa. Dẹ́rẹ́bà yọrí síta, ó ní, "Ìyá, ọ̀nà ti yí o!" Ìyá mi ní, "Ojú tèmi ò tíì yí." Nígbà náà, mo ti lè ru garawa omi kan láti ìdí ẹ̀rọ délé láìdà á nù. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ orí mi.

Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ló ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò yàn láyé, pé kí n sọ tèmi fún wọn. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ. Aṣọ ọdẹ ni mo rán, kì í ṣe agbádá, kì í ṣe bùbá. Gbérí ni, ẹ̀wù tí ọdẹ ń wọ̀ lọ sígbó, àti ṣòkòtò rẹ̀, àti fìlà rẹ̀. Èyí tí mo sì mọ̀ jù nínú wọn ni ti ìgbà ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá mú, tí koríko gbẹ, tí àwọn ọdẹ ń múra ìgbẹ́.

Bẹ́yẹrúnkà ni ọ̀gá mi ń gbé. Ìyá Onígbérí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ọdẹ rò pé iṣẹ́ ti bá a lọ sí sàréè. Ìyá gbé àlùmọ́gàjí sọ́wọ́, ó ní, "Ta lẹ rò pé ó ń gé e fún un láti ọjọ́ yìí wá?" Àwọn kan nínú wọn ní àwọn ò lè wọ ẹ̀wù tí obìnrin fọwọ́ kàn, pé oògùn inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ní, "Èmi ò rán oògùn. Aṣọ lásán ni mò ń rán. Ẹ gbé e délé kẹ́ ẹ tó fi ohun tó bá wù yín sí i." Bó ṣe di pé wọ́n ń padà wá nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n rán bíi tirẹ̀.

Wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n ṣàdúrà, mo di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ìyẹn ò ní ìtàn kankan nínú.

Ọdún kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan maṣíìnì. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù, mo sì ń gbọ́ aṣọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo ní gbígbọ́, mi ò ní gígé. Ìyá á mú etí aṣọ, á gbé e sẹ́bàá etí mi, á máa fi ìka ra á.

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Ìyá."

"Tún gbọ́."

"Ó ń dún ṣá-ṣá-ṣá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí etí tìẹ tí kò gbọ́ ìpè mi láàárọ̀ yìí bá gbọ́ ọ, ṣé ti ẹtu ló máa di?"

Ó ní koríko gbígbẹ ti ń pariwo tó lábẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ lásìkò ọyẹ́, kí aṣọ má bá a lọ́wọ́ sí i. Aṣọ tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í wọ igbó.

Ẹ̀kọ́ kejì ni iná. Kò sí aṣọ tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí Ìyá ò ní fa òwú kan yọ lára rẹ̀, kó ṣá ìṣáná sí i. Bí òwú náà bá jó di eérú, tó rùn bí ewé, òwú oko nìyẹn, ó dáa. Bó bá súnkì, tó yọ́, tó di kóró dúdú líle, ọ̀rá ni, ẹni tó gbé e wá á gbé e padà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà ọyẹ́ kan náà ni àwọn ọdẹ ń finá sí ìgbẹ́ láti lé ọ̀yà jáde. Bí iná bá ta sí aṣọ òwú, ó lè lu ihò sí i, wàá fọwọ́ gbá a, ó tán. Aṣọ ọlọ́ràá á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Ìyá kì í sọ pé ká dán aṣọ wò. "Ẹ bi í," ló máa ń wí. "Ẹ fi iná bi í." Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kòkòrò ara aṣọ ni wọ́n ń pè ní iná níbẹ̀ o. Ìyá mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yí òwe náà sí ti ìṣáná, kò sì sẹ́ni tó láyà láti tọ́ ọ sọ́nà.

Kì í nà wá. Bó o bá gbàgbé láti bi aṣọ, gbogbo ohun tó o rán lọ́jọ́ náà ni yóò tú palẹ̀, á kó o fún ọ, á ní, "Ilẹ̀ ò tíì ṣú." Ì bá kúkú nà wá.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù tí mo dá nígbà ìkọ́ṣẹ́, tùràrí ló ti wá. Ọdẹ kan wà ní Pópó Yemọja, Bàbá Ràímì, èèyàn gíga tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ni Ìyá ní kí n parí gbérí rẹ̀, àkọ́kọ́ tí mo máa parí fúnra mi. Inú mi dùn débi pé mo jí tùràrí ìyá mi bù, mo finá sí i, mo jẹ́ kí èéfín rẹ̀ wọ ẹ̀wù náà lára bí ẹni ń ṣe ti ìyàwó tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Ràímì fi wà nígbó. Ìrù ẹran ló rí, kò rí orí. Ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó na ẹ̀wù sí mi nímú.

"Àlímótù, ọkọ wo lo fẹ́ fi mí fún?"

Mo ti ń sunkún kó tó parí ọ̀rọ̀. Òun ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé gbérí náà wọ̀, kí n rìn láti Bẹ́yẹrúnkà dé Ọjà'ba, kí n ra òwú aró wá, kí n sì gba ẹsẹ̀ òkè Mápó padà. Ẹ̀wù náà ń gbá mi lórúnkún. Àwọn aláta ń ké sí mi, "Ọdẹ wa, káàbọ̀ o! Eṣinṣin mélòó lo pa?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ má pè é lọ́dẹ, òórùn ìyàwó ló ń rùn." Nígbà tí mo délé, Ìyá ní kí n gbé e kọ́ sórí ààrò, kí èéfín igi gba òórùn náà kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí obìnrin tó fẹ́ fi ọṣẹ olóòórùn fọ aṣọ ìgbẹ́ ọkọ rẹ̀, àfi bíi kí n gbá a lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi tó iṣẹ́. Àwọn ọdẹ á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, wọ́n á ní àwọn ń fẹ́ ẹ̀wù tó nípọn. Ìyá á ní, "Ọyẹ́ wo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ fún, ti àárọ̀ ni àbí ti ọ̀sán?" Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù lásán. Láàárọ̀ á máa gbọ̀n ọ́ jìnnìjìnnì, tó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún bó ọ léèpo. Ẹni tó wọ ẹ̀wù kan tó nípọn jáde, á bọ́ ọ bí oòrùn bá mú, á gbé e kọ́ apá, apá kan ṣoṣo ni yóò kù tí yóò fi di ìbọn mú. Nítorí náà méjì fúyẹ́fúyẹ́ là ń rán: dáńṣíkí tí kò lápá lábẹ́, gbérí lórí rẹ̀. Bí ooru bá dé, abẹ́ ni yóò bọ́, á ká a sápò. Ọrùn ẹ̀wù gbọ́dọ̀ pa dé, nítorí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wọlé. Ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, okùn là ń fi sí i láti so ó pa, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yèrèpè ń gbẹ, tí irun rẹ̀ ń fò. Ẹni tí yèrèpè bá wọ̀ láṣọ, á ju ìbọn sílẹ̀, á máa jó láìsí onílù. A kì í fi bọ́tìnnì onírin sí i, oòrùn á máa kọ lára rẹ̀. Àwọ̀ ńkọ́? Aró dúdú dáa ní ìgbà òjò, nígbà tí ewé ṣókùnkùn. Lọ́yẹ́, igbó ti gbẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, aṣọ dúdú á yọ bí eṣinṣin inú wàrà. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń rẹ ẹ́ láró, a tún fi eérú fọ̀ ọ́, kó ṣá. Ọ̀dọ́kùnrin kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní aṣọ òun dà bí àkísà. Ìyá ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo kúkú fún ọ lákìísà, o tún ń bínú."

Mo gba ìyọ̀ǹda, mo lọ́kọ, mo bí Músílíù, mo bí àwọn àbúrò rẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi lọ́nà Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sórí ẹlẹ́sẹ̀, ó sì pẹ́ kí àwọn ọmọ tó ra oníná fún mi, èyí tí mo máa ń bò láṣọ bí òkú nígbà tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n maṣíìnì kọ́ ló yí iṣẹ́ wa padà, aṣọ ni. Àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ wọn ò hun. A bọ́ sí kakí. Lẹ́yìn náà ni òkìríkà dé, aṣọ àlòkù láti òkè òkun. Jákẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tó sì móoru bí ẹni tó jókòó ti ààrò.

Ọyẹ́ kan wá tó mú ju gbogbo èyí tí a ti rí lọ. Ètè gbogbo wa là. Bàbá Ràímì wọlé sí mi. Àgbà ti dé sí i, ó ń wúkọ́.

Ó ní, "Àlímótù, ọyẹ́ yìí ti ń wọ eegun mi. A fẹ́ lọ finá sí ìgbẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣe mí lóore, rán gbérí kan fún mi, kó o wá nǹkan sí inú rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó sílé lọ́dún yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n máa ṣe kí ni? Kí n máa lé adìẹ?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gé kakí, mo fa òwú rẹ̀, mo fi iná bi í, ó di eérú. Lẹ́yìn náà mo tú jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà kan, mo yọ inú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú gbérí, èyí tí àwa télọ̀ ń pè ní láínìn. Ó rọ̀, kò dún létí. Mi ò bi í. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo wò ó pé inú ló ń lọ, ta ni yóò rí i? Níta ni iná yóò ti wá. Mo bi òde, mi ò bi inú.

Ọjọ́ tí wọ́n finá sí ìgbẹ́, atẹ́gùn yí padà lọ́sàn-án gangan. Iná ta sí àwọn ọdẹ mẹ́rin lára. Mẹ́ta fọwọ́ gbá a pa. Ti Bàbá Ràímì, kakí rẹ̀ kàn lu ihò bíńtín, ṣùgbọ́n inú ihò náà ni iná gbà wọlé. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ rò pé oyin ló ta òun. Nígbà tí wọn yóò fi bọ́ ọ, èjìká rẹ̀ àti apá ọ̀tún ti bó. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ.

Mo sáré lọ sí Pópó Yemọja nígbà tí mo gbọ́. Gbérí náà wà nílẹ̀ lójúde. Mo yí i padà. Láínìn ti di kóró dúdú, ó le gan-an bí ọ̀dà títì. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń wò.

Nítorí àwọn ọdẹ ò wo ibẹ̀. Wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi ní tiwọn. Àjọkẹ́ ni, ìyàwó kékeré Bàbá Ràímì, tí kò tíì ju ọdún méjì lọ nílé ọkọ. Wọ́n ní ó wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ tó sá gbérí náà sóòrùn, pé ó ti ba oògùn ìṣọ́ra inú rẹ̀ jẹ́, òun ló jẹ́ kí iná rí ọkọ rẹ̀ yàn láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ní kó padà sílé bàbá rẹ̀ kó tó pa ọkọ rẹ̀. Ọkọ tí ì bá gbà á sílẹ̀ ń jà fún ẹ̀mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo rìn láti ibẹ̀ lọ sí Bẹ́yẹrúnkà. Ìyá Onígbérí ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Mo rò ó fún un.

Ó ní, "Ṣé o bi í?"

"Mo bi kakí, Ìyá."

"Inú ńkọ́?"

 

"Ìyá, bí mo bá sọ ọ́, kò sí ọdẹ tí yóò tún gbé aṣọ wá fún mi. Àwọn ọmọ mi kéré."

Ó ní, "Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán gbérí. Mi ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Alaasari, mo padà sí agbo ilé náà. Àwọn ọdẹ pé jọ. Ẹrù Àjọkẹ́ wà lójúde, àpótí kan àti aṣọ tí wọ́n dì. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lé àpótí náà, kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú olórí ọdẹ, bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ máa ń mú ajá dákẹ́. Mo mú ìṣáná jáde, mo mú ègé kakí àti ègé láínìn tó kù sí mi lọ́wọ́. Mo ṣáná sí kakí. Ó jó, ó di eérú, mo fẹ́ ẹ dànù. Mo ṣáná sí láínìn. Ó súnkì, ó yọ́, ó ń kán sílẹ̀ tó tó tó, èyí tó kán sì ń jó nílẹ̀ níbẹ̀.

Olórí ọdẹ ní, "Kí nìyẹn?"

"Ohun tó wà nínú gbérí Bàbá Ràímì nìyẹn, Bàbá."

"Ta ló fi sí i?"

"Èmi ni. Ọmọbìnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Bó bá fọwọ́ kàn án, bí kò bá fọwọ́ kàn án, bó ṣe máa jó nìyẹn."

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rí i tí wọ́n ra díẹ̀. Ọdẹ kan bú mi, ó ní ọwọ́ mi á rọ. Òmíràn ní òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ obìnrin kọ́. Olórí ọdẹ wo kóró dúdú tó wà nílẹ̀ náà.

Ó ní, "Àjọkẹ́, gbé ẹrù rẹ wọlé."

Àjọkẹ́ dìde kúrò lórí àpótí. Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo gbé e síta."

Bàbá arúgbó náà kó gbérí rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀, ó gbé e wọlé. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ràímì ò kú, Àlùhámúdùlílàáì. Ó pẹ́ lọ́sibítù, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ká, kò lè gbé ìbọn mọ́. Nígbà tó délé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kéré lójú mi. Ó ní, "Dìde. Òtútù ń mú mi, o sì fẹ́ kí ara mi móoru. Ṣé mo lè fi ìyẹn bá ọ jà?" Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Àlímótù, bí àánú bá ti ń ṣe ọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kó o la ojú rẹ." Mo fẹ́ kó bú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ méjì wá, ó lọ, kò sí ọdẹ kan tó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ ọmọ iléèwé ni mò ń rán, èrè rẹ̀ ò sì tó wa jẹ. Nínú ọyẹ́ kẹta, Àjọkẹ́ wọlé, ó pọn ọmọ, ó gbé kakí lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Músílíù. Ọkọ mi ní òun fẹ́ bá wọn lọ jókòó ní ibùdó, kóun máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Apá òsì á mọ níwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ti ọ̀tún fẹ̀ dáadáa, kì í nà tán."

Mo fa òwú kakí, mo bi í lójú rẹ̀. Mo fa ti okùn ọrùn ọwọ́, mo bi í. Mo bi òwú tí mo fẹ́ fi rán an pàápàá. Ó jókòó, ó wò mí títí tí mo fi parí, kò sọ pé ó tó. Ẹ̀wù yẹn ni àwọn ọdẹ tó kù rí lọ́rùn Bàbá Ràímì, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún rán gbérí títí ojú mi fi kọ̀ láti rí ihò abẹ́rẹ́.

Ní báyìí, àwọn ọdẹ ń ra aṣọ tí wọ́n rán tán. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra èyí tó jọ ti sójà, òfin ò gbà á, kí ìjọba má bàa fi wọ́n ṣe ẹran. Mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yí i padà kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n wo inú rẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà tán ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́ fún wọn, nítorí wọ́n rántí ọdún méjì tí ọbẹ̀ wa ò lẹ́ran, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀. Músílíù ló bínú jù. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá mọ̀?"

Mo ní, "Àjọkẹ́ ni. Kò ní mọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n títí tó máa fi kú sílé bàbá rẹ̀, á mọ̀ pé òun kọ́."